18 tó wà lára páálí géèmù kì í ṣe FIFA 18 o

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo sí jẹnẹrétọ̀ tán, ọwọ́ mi ṣì ń rùn pẹtiróòlù, ni Ìyá Fáwàs já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣọ́ọ̀bù géèmù ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú níbí, ò jìnnà sí Ìta Ẹlẹ́wà, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, PS4 méjì, PS3 kan, àti PS2 arúgbó kan tó ti yẹ kó lọ sinmi tipẹ́ àmọ́ táwọn ọmọ ò jẹ́ kó sinmi. Ìyá Fáwàs ń ta ẹja yíyan ní Sábó, kì í ṣe obìnrin aláròyé rárá, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ojú ẹ̀ ti le kó tó dẹ́nu ọ̀nà. Ó na páálí síídì kan sí mi.

"Brọ̀dá Géèmù, ẹ bá mi wo nkan yìí. Ọmọ yín ṣe dáadáa níléèwé, ó ní FIFA 18 lòun fẹ́, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, mo rí 18 gbàgàdà lára ẹ̀, mo sanwó. Bọ́ọ̀lù kankan ò sí nínú ẹ̀ o! Wọ́n kàn ń yìnbọn fún ara wọn ni, wọ́n ń já mọ́tò olówó gbà, wọ́n dẹ̀ ń bú ìyá ara wọn!"

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo yí i síwájú yí i sẹ́yìn. GTA V ni, géèmù àwọn ọ̀daràn.

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán lẹ́nu mi, mo rò ó wò, mo rí i pé ẹjọ́ obìnrin yẹn kọ́. Ta ló jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún un rí? Àwọn tó ń ta síídì gan-an, ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní "nọ́ńbà ẹ̀ nìyẹn." Nọ́ńbà kí ni? Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, torí kì í ṣe òun nìkan, bàbá kan ti sọ fún mi rí pé géèmù tí wọ́n kọ 3 sí, ọmọ ọdún 3 lè gbá a, ó bá lọ gbé pádì fún ọmọ ọ̀jọ̀lọ̀, ọmọ fi pádì sẹ́nu.

Ẹ gbọ́. 18 yẹn, ọjọ́ orí ni. Àwọn ará Yúróòpù ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2003, PEGI ni wọ́n ń pe àmì náà. Nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ní, 3, 7, 12, 16, 18. 3 àti 7, àwọ̀ ewé ni, 12 àti 16 dà bí ọsàn tó pọ́n, 18 pupa fòò. Ibi tó pani lẹ́rìn-ín ni pé FIFA 18 fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wo igun páálí ẹ̀, 3 lẹ máa rí níbẹ̀. Tí Ìyá Fáwàs bá rí ojúlówó, ṣe ló máa fi í sílẹ̀, á ní FIFA 3 ti pẹ́ jù.

Nọ́ńbà yẹn dẹ̀ kọ́ ló ń sọ bóyá géèmù le tàbí kò le. Ohun tí ojú máa rí àti ohun tí etí máa gbọ́ ló ń sọ. FIFA gba 3 torí kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìhòòhò, kò sí èébú, àmọ́ èmi ti gbá a láti bí ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ JSS ṣì ń lù mí bí bàtá. Tẹ́ ẹ bá yí páálí sẹ́yìn, ẹ máa rí àwọn àwòrán kéékèèké, ìkúùkù túmọ̀ sí ìjà, aláǹtakùn túmọ̀ sí ohun tó ń dẹ́rù bani, abẹ́rẹ́ ni ti oògùn olóró, ọwọ́ tó di káàdì mú túmọ̀ sí pé géèmù yìí máa tọrọ owó síwájú sí i. Àwọn àwòrán yẹn wúlò ju nọ́ńbà lọ lójú tèmi, ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n fi wọ́n sẹ́yìn.

Síídì tiwa níbí dẹ̀ tún wá látibi tó yàtọ̀ síra, tókunbọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀. Eléyìí tó bá wá láti Amẹ́ríkà, lẹ́tà ló máa wà lára ẹ̀: E ni ti tọmọdé tàgbà, T jẹ́ ọdún 13 sókè, M jẹ́ 17 sókè, AO jẹ́ ti àgbàlagbà nìkan. ESRB ni wọ́n ń pe tiwọn. Torí náà GTA V kan náà, tó bá gba London wá 18 ló wà lára ẹ̀, tó bá gba New York wá M ni. Ṣé ẹ rí i pé kò sọ́gbọ́n tí oníṣòwò ẹja máa dá sí i.

Mortal Kombat, géèmù ìjà kan tó jáde lọ́dún 1992, ló dá wàhálà lẹ́tà yìí sílẹ̀. Àwọn tó gbá a nígbà náà ò ní gbàgbé, tó o bá na ẹnì kejì débi pé ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, géèmù á ní kó o parí ẹ̀, ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń fa orí èèyàn yọ tòun ti egungun ẹ̀yìn. Oṣù December 1993, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà, Joe Lieberman àti Herb Kohl ló ṣáájú wọn, wọ́n pe àwọn oníléeṣẹ́ géèmù wá jẹ́jọ́, wọ́n ní tẹ́ ẹ ò bá wá nkan ṣe sí i, ìjọba máa bá yín ṣe é. Kí ìjọba tó ṣe é, wọ́n ti sáré dá ESRB sílẹ̀ lọ́dún 1994. Títí dòní kì í ṣe ìjọba ló ni í. Kódà nígbà tí California ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta géèmù oníwà ipá fọ́mọdé, kóòtù tó ga jù nílẹ̀ Amẹ́ríkà fagi lé e lọ́dún 2011, wọ́n ní bí ìwé àti fíìmù ṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ ni géèmù náà ní. Nílùú Ọba ńkọ́? Oníṣọ́ọ̀bù tó bá ta géèmù 18 fún ọmọ ọdún 15 ti wọ gàù nìyẹn, òfin ni láti 2012. Nílẹ̀ tiwa, a ní àjọ tó ń wo fíìmù, àmì wọn máa ń wà lára fíìmù Yorùbá, àmọ́ látọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ojú mi ò tíì ká àmì wọn lára síídì géèmù kan.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọnú ẹ̀ gan-an. Báwo ni géèmù ṣe ń gbé ohun tó wúwo? Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń da aṣọ bò ó. Àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ọba kì í kú, ó máa ń wàjà ni. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná ń jà, ta ló láyà láti dárúkọ ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ gbóná làwọn àgbà ń sọ. Géèmù náà láwọn ẹnà tiẹ̀. Mortal Kombat yẹn, nígbà tó máa wọlé sórí ẹ̀rọ Nintendo, wọ́n kun ẹ̀jẹ̀ ní eérú, wọ́n ní òógùn ni. Ṣe lẹ gba èèyàn ní ẹ̀ṣẹ́ lójú, òógùn wá ń ta sókè! Lórí ẹ̀rọ Sega, ẹ̀jẹ̀ wà ńbẹ̀, wọ́n kàn fi kọ́kọ́rọ́ tì í ni, ẹni tó bá mọ kóòdù ẹ̀ á tẹ A, B, A, C, A, B, B, ẹ̀jẹ̀ á dé. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ kóòdù náà. Nígbà tí apá kejì máa jáde, Nintendo náà fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún 2008, àwọn ará Australia ò gbà kí wọ́n ta géèmù Fallout 3 nílùú wọn, torí pé ẹni tó ń gbá a lè fi mọ́fíìnì sára kó má jẹ̀rora mọ́. Mọ́fíìnì oògùn gidi ni, dọ́kítà ń lò ó. Kí ni àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe? Wọ́n yí orúkọ padà sí Med-X. Abẹ́rẹ́ ò kúrò, ohun tó ń ṣe ò yí padà, orúkọ nìkan ló yí, ó dẹ̀ wọlé. Eléyìí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Jámánì. Wọ́n ò fẹ́ rí àmì àwọn Nazi nínú géèmù rárá, òfin ni. Wolfenstein II wá jáde lọ́dún 2017, Hitler wà nínú ẹ̀, ṣe ni wọ́n fá irunmú Hitler dànù nínú èyí tí wọ́n tà fún Jámánì, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ mìíì, bí ẹni pé àwọn ará Jámánì ò ní dá a mọ̀ tí kò bá ti ní irunmú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2018, wọ́n ní àwọn á máa wo ti géèmù kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe rí.

Aṣọ bíbò mìíì ni kámẹ́rà yíyí. God of War tó jáde ní 2005, eléyìí tí PS2 arúgbó mi ṣì ní, ibì kan wà tí akọni náà bá obìnrin méjì nínú ọkọ̀ ojú omi, bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí ni kámẹ́rà yí lọ sára ìkòkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò ló ń mì tìtì, ẹ ò ní rí nkankan. Àmọ́ etí ò yí o. Ohùn ń bọ̀ gbangba. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan débẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí àfáà àdúgbò dẹ̀ ń kọjá lọ, mo sáré pa jẹnẹrétọ̀.

Ìkejì, wọ́n máa ń kéde ṣáájú. Ará Ìkòròdú mọ èyí dáadáa, tọ́dún Mágbó bá ń bọ̀, wọ́n á ti sọ ọjọ́ ẹ̀ tipẹ́ kí kálukú lè mọ ibi tó máa wà. Géèmù Call of Duty kan tó jáde ní 2009, Modern Warfare 2, ibì kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n á fi ẹ sáàárín àwọn agbébọn ní pápákọ̀ òfurufú nílẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n ń yìnbọn pa àwọn arìnrìn-àjò tó di báàgì dání, kì í ṣe sójà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, géèmù á bi ẹ́ pé ibì kan ń bọ̀ tó lè dun ẹ̀dá, ṣé wàá fò ó? Tó o bá fò ó, wọn ò ní yọ nkankan nínú tìẹ. Nínú èyí tí wọ́n tà ní Jámánì àti Japan, tó o bá yìnbọn fún arìnrìn-àjò kan péré, géèmù parí. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ràn, torí ó fi ọ̀rọ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a. Ti Grounded tó jáde ní 2020 tún wá dáa jù, aláǹtakùn ńláńlá ló wà nínú ẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù aláǹtakùn bá sì ń bà lè wọ sẹ́tínsì, kó máa gé ẹsẹ̀ wọn kúrò díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi dà bíi bọ́ọ̀lù kan lásán.

Ìkẹta ni àwọn òbí ò mọ̀ rárá, òun ló dẹ̀ jẹ́ kí n kọ gbogbo eléyìí. Àwọn géèmù kan wà tí kò da aṣọ bo nkan, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gedegbe, torí pé wọ́n fẹ́ kó dùn ẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú GTA, ẹ pa èèyàn lójú títì, ọlọ́pàá á lé yín, ẹ sá pamọ́ díẹ̀, ó tán. Ta ló sunkún òkú? Kò sẹ́ni. This War of Mine wá ńkọ́, àwọn ará Poland ló ṣe é lọ́dún 2014, mo ti gbá a lórí fóònù. Ogun ló wà ńbẹ̀, àmọ́ ẹ kì í ṣe sójà, ará ìlú tí ogun ká mọ́lé ni yín, wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Sarajevo ní Bosnia láàárín 1992 sí 1996 kí wọ́n tó ṣe é. Oúnjẹ ò sí, òtútù ń mú, ara ọ̀kan nínú yín ò yá. Lálẹ́ ẹ á jáde lọ wá nkan. Mo dé ilé bàbá àtìyá arúgbó kan, oúnjẹ wà, oògùn wà, bàbá ń tẹ̀ lé mi káàkiri, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má kó o. Kò ní ìbọn. Kò sí ohun tó lè fi mí ṣe. Mo kó o. Àwọn èèyàn mi jẹun lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ẹni tí mo rán lọ ò lè gbé ara ẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó, ó ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò gbá a mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ ò kán sílẹ̀ níbẹ̀ o. Lọ́dún 2020, ìjọba Poland fi géèmù yìí sára ohun tí wọ́n dábàá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dàgbà láti lò níléèwé, bí ẹni ń ka lítíréṣọ̀.

Òmíràn tún wà, Hellblade, 2017. Obìnrin jagunjagun kan, Senua, ohùn ń sọ̀rọ̀ nínú orí ẹ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn tó ṣe é ò kàn rò ó lórí, wọ́n wá dọ́kítà ọpọlọ kan láti yunifásítì Cambridge, Paul Fletcher, wọ́n tún jókòó ti àwọn èèyàn tí irú nkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe, wọ́n bi wọ́n pé báwo ló ṣe máa ń rí. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí i, ìkìlọ̀ á kọ́kọ́ jáde. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gba ohùn náà sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi nkan sétí, ọ̀kan á máa ti etí òsì wá, ọ̀kan á ti ẹ̀yìn, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn yín lọ́rùn.

Mo fi sétí fún Ìyá Fáwàs. Ọjọ́ tó wá gba pààrọ̀ síídì ẹ̀ ni, ó bi mí pé ṣé gbogbo 18 ni ìranù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi hẹ́dífóònù lé orí gèlè. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó yí ọrùn pìrì sẹ́yìn. "Ta ni yẹn?" Kò sẹ́ni lẹ́yìn ẹ̀. Òyìnbó tí wọ́n ń sọ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló yé e, àmọ́ ó gbọ́ pé wọ́n ń bá èèyàn wí, pé wọ́n ń fini ṣẹ̀sín, pé wọn ò dákẹ́. Ó rọra yọ ọ́ kúrò létí. Mo rò pé ó máa bú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lábúlé, báyìí ló máa ń wí. Ó ní wọ́n ń pe òun. A máa ń ní irọ́ ló ń pa." Kò sọ nkankan mọ́. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

18 ni GTA. 18 ni Hellblade. Nọ́ńbà kan náà, àwọ̀ pupa kan náà. Nọ́ńbà lè sọ fún yín pé ata wà nínú ọbẹ̀, kò lè sọ bóyá wọ́n fi se oúnjẹ ni àbí wọ́n fi máa fọ́n yín lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn òbí pé ẹ jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wo ohun tí géèmù ń ní kó fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ dẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ṣe é tán. Tí ẹni tó kú bá ní ẹni tó ń sunkún ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbé Hellblade fún ọmọ ọdún 10 o, kó má di pé ẹ lọ sọ pé Brọ̀dá Géèmù ló ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Àwọn nkan kan dẹ̀ wà tí nọ́ńbà ò lè rí. Ohun tí àjèjì máa sọ sétí ọmọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó lè fún un ní nọ́ńbà, àwọn ESRB fúnra wọn máa ń kọ ọ́ pé ìyẹn ò sí lọ́wọ́ àwọn. FIFA tó jẹ́ 3 yìí, páàkì ń bẹ nínú ẹ̀ tí wọ́n fi owó gidi rà láìmọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó wà ńbẹ̀, ará Bẹ́ljíọ̀mù ní tẹ́tẹ́ ni lọ́dún 2018, nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2019 wọn ò tà á níbẹ̀ mọ́. Tẹ́tẹ́ nínú géèmù ọmọ ọdún 3! Wọ́n tún lè fi nkan pamọ́ fún àwọn tó ń fún un ní nọ́ńbà, bíi ti GTA San Andreas, lọ́dún 2005 ni wọ́n ṣàwárí ibi ìbálòpọ̀ tí wọ́n ti pa tì sínú ẹ̀ láìpa rẹ́, ni ESRB bá gbé e láti M lọ sí AO, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kó o kúrò lórí àtẹ. Tiwa tún wá le, torí síídì inú ọ̀rá là ń lò jù, páálí gan-an ò sí, ibo lẹ ti fẹ́ rí nọ́ńbà?

Ti fóònù rọrùn díẹ̀. Lórí Google Play, ẹ wo abẹ́ orúkọ géèmù, ẹ máa rí 3+, 7+, títí dé 18+. Ẹni tó ṣe géèmù ló ń dáhùn ìbéèrè fúnra ẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbé nọ́ńbà jáde, torí náà ẹ má gbà á bí ìbúra. Ẹ tẹ fọ́tò yín lókè, ẹ wọ Settings, Family, Parental controls, ẹ fi PIN sí i, àmọ́ kò ní ká ohun tó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ kò. PS4 náà ní tiẹ̀ nínú sẹ́tínsì, pásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá ni 0000. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

Èmi wá mú káádíbọ́ọ̀dù, mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn òbí máa rí i: 3, 7, 12, 16, 18. Kò tíì pé wákàtí méjì, bàbá kan tó ń lọ ta lọ́tò ní kọ̀rọ̀ dúró síwájú ẹ̀, ó yọ bírò, ó dà á kọ sẹ́yìn páálí sìgá. Mo ní kí n ṣàlàyé fún un, ó ju ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́ ná. Ó kọ ọ́ tán, ó wò mí lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, nínú márùn-ún yìí, èwo ni bánkà?"